Kí Ọwọ́ Wádìí Ilẹ̀ Kí Igbá Tó Da Omi

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ ọmọ irúgbìn dàgbà ní láti mú òwe méjèèjì lọ́wọ́ pọ̀, nítorí pé omi tí kò tó a máa pa ọmọ irúgbìn, omi tí ó pọ̀ jù a sì máa pa á. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé èyí tí òùngbẹ ń pa àti èyí tí omi ń pa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn lójú: ewé àwọn méjèèjì a rọ, wọn a sì sorí kọ́. Ẹni tí ó bá wo ewé nìkan, tí kò wádìí ilẹ̀, lè gbé omi fún èyí tí omi ti ń pa lọ́wọ́, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́ náà.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ ata kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ìtàn ìlú sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ó wà ní ibi tí Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, dúró sí títí di òní, àti pé láti ara oko ata náà ni ààfin ti gba orúkọ rẹ̀. Oko náà kò sí mọ́. Ilé ti fara kan ilé láti Ẹnu Ọ̀wá dé Èbúté Èrò, àti láti Ìdúmọ̀tà dé Ìtà Fájì, tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro kí ènìyàn rí ilẹ̀ tí ó tó ẹní kan láti gbin nǹkan sí. Síbẹ̀ ìfẹ́ ọ̀gbìn kò kúrò lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀. Nínú agolo, nínú garawa tí ìdí rẹ̀ ti jò, nínú ike tí a gé lórí àti nínú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ń gbin ata, tòmátì, ewúro, tẹ̀tẹ̀ àti efinrin, lórí fàràǹdá, lẹ́bàá àtẹ̀gùn, àti ní orí òrùlé pẹrẹsẹ.

Iṣẹ́ títọ́ ọmọ irúgbìn pàápàá kì í ṣe ohun titun ní agbègbè Èkó. Ní ọdún 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ Gómìnà, ìjọba dá ọgbà ìtọ́jú ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ní òdìkejì ọ̀sà, kí a lè máa tọ́ àwọn ọ̀gbìn bí kòkó àti kọfí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ kòkó rí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ó le jù. Bí gbòǹgbò bá ti wọlẹ̀ jìnnà, igi lè wá omi fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe, ohun tí ọwọ́ olùtọ́jú bá bù fún un nìkan ni ó ní.

OHUN TÍ HÓRÓ AMUMI JẸ́

Ohun titun kan ti wọ inú iṣẹ́ yìí ní àkókò tiwa. Àwọn tí ń ta ohun èlò oko ń ta hóró kéékèèké kan tí a ń pò mọ́ erùpẹ̀, èyí tí ń mu omi, tí ó sì ń pa á mọ́ fún gbòǹgbò. Hóró amumi ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá gbẹ, ó dàbí iyọ̀ onígbèé tàbí ṣúgà. Bí omi bá kàn án, a wú, a sì di rọ̀bọ̀tọ̀ rírọ̀ tí ń dán bí yìnyín, gẹ́gẹ́ bí gààrí ti í wú nínú àwo nígbà tí a bá bu omi lé e, ṣùgbọ́n wíwú tirẹ̀ pọ̀ ju ti gààrí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe oògùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ìlú Peoria ní ìpínlẹ̀ Illinois, fi sítáàṣì àgbàdo ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó ní láti mu omi jọ wọ́n lójú tóbẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ àwàdà, Super Slurper. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn èròjà mìíràn ṣe é, tí ó sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Nínú omi tí ó mọ́ pátápátá, gíráàmù 1 hóró yìí lè mu omi tí ó wúwo ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ tí ó yí i ká bá ń gbẹ, gbòǹgbò a fa omi náà láti inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tún bu omi sí i, a tún wú.

Ohun rere ni èyí. Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ Èkó, omi kì í sì í dúró nínú yanrìn. Agolo tí oòrùn ń pa lórí fàràǹdá lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan ní ìgbà ọyẹ́. Obìnrin tí ó ń jí lọ sí ọjà ní kùtùkùtù, tí kì í sì í padà títí di alẹ́, yóò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé omi kù nínú agolo rẹ̀ ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ohun rere tí a kò bá wọ̀n a máa di ìpalára. Ìmọ̀ràn tí ó yẹ kí a fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ra hóró yìí ni pé kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ti í wọn ọ̀rinrin inú ilẹ̀, kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan lé e lórí. Ẹni tí kò bá lè mọ bí omi ti pọ̀ tó nínú agolo tí kò ní hóró, kì yóò lè mọ̀ ọ́n rárá nínú agolo tí ó ní.

Ẹ̀tàn méjì ni ó wà nínú ọ̀ràn náà. Ìkínní ni pé ojú ilẹ̀ a máa purọ́. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn a gbẹ òkè erùpẹ̀ títí yóò fi funfun, nígbà tí hóró tí ó wà nísàlẹ̀ ṣì kún fún omi. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa bu omi ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ yóò wo òkè, yóò sì tún bu omi sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ nínú ilẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò sì ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, a jẹrà. Àrùn tí ń jẹ ọrùn ọmọ irúgbìn ní ibi tí ó ti yọ lójú ilẹ̀ a dé pẹ̀lú, a sì gé e lulẹ̀ ní òru ọjọ́ kan bí ẹni pé kòkòrò ni ó jẹ ẹ́. Ẹ̀tàn kejì ni ti omi tí ó ní iyọ̀, èyí sì ni ó kan àwọn ará Erékùṣù Èkó jù.

OMI WO NI A Ó BÙ?

Omi ní Èkó ti jẹ́ ọ̀ràn àríyànjiyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó ń gbèrò láti gba owó omi lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní People's Union sílẹ̀ láti ta ko ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbà náà ni wọ́n wí pé kànga tí àwọn ní tó àwọn. Ní ọdún 1915 ni iṣẹ́ omi Ìjú bẹ̀rẹ̀, tí omi láti òkè odò sì ń gba inú páìpù wọ erékùṣù náà. Títí di òní, kì í ṣe orísun kan ni omi ilé kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Òmíràn ń ti inú páìpù wá, òmíràn láti inú kànga, òmíràn láti inú ihò jíjìn tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́, òmíràn ni mẹ́ruwà ń tì kiri nínú kẹ̀kẹ́, òmíràn sì ni omi òjò tí a gbè láti orí páànù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mu omi a tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu omi fún ata kì í sábà tọ́ ọ wò. Ọ̀sà àti òkun ni ó yí erékùṣù náà ká, yanrìn ni ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà iyọ̀ a máa wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga tí kò jìn. Iyọ̀ yìí ni ọ̀tá hóró amumi. Nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 9 nínú lítà 1, èyí tí kò tó ìdá mẹ́ta iyọ̀ inú omi òkun, hóró tí ì bá mu ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan lè má mu ju ìlọ́po ọgbọ̀n sí ọgọ́ta lọ. Omi tí ó ní ẹfun nínú, tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáradára, a máa dín agbára rẹ̀ kù pẹ̀lú; bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ tí a bá dà lé e ní àdàjù.

Kí òǹkàwé ro ohun tí èyí lè ṣe. Ìyá kan ra hóró, ó pò ó mọ́ erùpẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó wà lára ọ̀rá rẹ̀ ti wí, ó gbin ata rodo sínú agolo ogún. Ìwé náà wí pé kò ní láti bu omi lójoojúmọ́ mọ́. Ó gbà á gbọ́, ó sì dín omi kù. Ṣùgbọ́n omi kànga ni ó ń bù, hóró náà kò sì mu ju díẹ̀ lọ nínú ohun tí ìwé ṣe ìlérí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ọmọ ata ń lò kí ó tó tó lọ síbi tí yóò dúró sí. Bí ó bá kú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kì í ṣe owó irúgbìn àti owó hóró nìkan ni ó ṣòfò. Àkókò tí kò ṣeé rà padà ti lọ, òjò tí ó ń retí sì lè rọ̀ tán kí òmíràn tó hù. Ìyá náà yóò wí pé ọwọ́ òun kò dára fún ọ̀gbìn. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Wíwọ̀n ni kò sí.

Ọ̀nà kan wà láti mọ èyí ní ilé láìná owó. Kí a mú ife gíláàsì méjì. Kí a bu omi òjò sí ọ̀kan, kí a bu omi tí a ń lò lójoojúmọ́ sí èkejì, kí wọ́n dọ́gba. Kí a fi ìdajì ṣíbí kékeré hóró gbígbẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi í sílẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a sì fi asẹ́ sẹ́ omi tí ó kù kúrò. Bí èyí tí ó wà nínú omi ilé bá wú tó ti omi òjò, omi náà dára fún un. Bí kò bá tó ìdajì rẹ̀, kí olúwarẹ̀ máa gbe omi òjò pamọ́ fún ọmọ irúgbìn, tàbí kí ó fi owó hóró sínú àpò rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ tí ó dí hóró lọ́wọ́ yóò ṣe ata fúnra rẹ̀ ní ibi pẹ̀lú.

BÍ A TI Í WỌN Ọ̀RINRIN

Ọ̀nà márùn-ún ni ó yẹ kí a mọ̀, láti orí èyí tí kò ná ni ní nǹkan títí dé orí èyí tí ń ná ni lówó.

Èkínní ni ìka. Kí a ti ìka wọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, tàbí dé oríkèé kìn-ín-ní bí ọmọ irúgbìn bá ṣì kéré gan-an. Ibi tí gbòǹgbò wà ni kí ìka dé, kì í ṣe òkè. Nínú ilẹ̀ tí ó ní hóró, ìka nìkan kò tó, nítorí pé bí ó bá kan hóró kan ṣoṣo, a ní gbogbo ilẹ̀ tutù. Kí a wádìí ní ibi mẹ́ta. Kí a sì hú hóró kan tàbí méjì jáde, kí a wò ó: bí ó bá ṣì wú, tí ó ń dán, omi wà, bí ó bá ti sún kì, tí ó ti ń padà di bí iyọ̀, omi ti ń tán. Kò sí ẹ̀rọ kan tí ó sọ òtítọ́ ju èyí lọ nípa hóró náà.

Èkejì ni igi. Kí a gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ tí a kò kùn ní ọ̀dà wọ inú agolo títí yóò fi kan ìdí, kí a fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, kí a sì fà á yọ. Ibi tí omi wà yóò dúdú lára igi, erùpẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Igi ń fi hàn bí omi ti jìn tó, èyí tí ìka kò lè dé. Bí òkè bá gbẹ tí ìdí sì ń ṣàn fún omi, kì í ṣe omi ni agolo náà ń fẹ́. Ihò ni ó ń fẹ́ ní ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òṣùwọ̀n, òun ni ó sì dára jù fún ẹni tí ń gbìn sínú agolo. Lítà omi 1 wọn kílógíráàmù 1. Nítorí náà, ohun tí agolo bá fi fúyẹ́ sí i ni omi tí ó ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Kí a bu omi sí agolo títí yóò fi máa jò ní ìdí, kí a jẹ́ kí ó sun mọ́jú, kí a sì gbé e lé òṣùwọ̀n irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń wọn ìyẹ̀fun. Bí ó bá wọn gíráàmù 2,000, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a mú agolo kan ṣoṣo fún ìdánwò, kí a má bu omi sí i títí ewé rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ díẹ̀, kí a tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 1,500, omi tí ọmọ ata náà lè lò jẹ́ gíráàmù 500, èyí tí í ṣe ìdajì lítà. Kí a má dúró di ìgbà náà mọ́. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá fi 1,750 hàn, ìdajì omi ti lọ. Kí a dá gíráàmù 250 padà, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin lítà, kò sì gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi hóró sí agolo, ìwọ̀n yóò yí padà, nítorí náà kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Yóò kàn gbé agolo sókè ni, yóò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun bu omi tàbí kí òun má bù.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ kékeré onírin méjì tí a ń gún wọ ilẹ̀, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí gbígbẹ tàbí títutù. Ó dùn ún wò, kò sì wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi gan-an ni irú rẹ̀ tí ó pọ̀ lọ́jà ń wọ̀n. Bí iná mànàmáná ti ń gba inú ilẹ̀ kọjá ni ó ń wọ̀n. Iyọ̀ a máa mú kí iná náà kọjá ní ìrọ̀rùn, nítorí náà ilẹ̀ tí a fi omi kànga oníyọ̀ bu, tàbí tí ajílẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, yóò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wí pé omi pọ̀ nígbà tí omi kò pọ̀. Bí irin rẹ̀ bá sì kan hóró tí ó wú, yóò wí pé odò ni òun wà. Ẹni tí ó bá ní i, kí ó fi wé òṣùwọ̀n ní ìgbà mélòó kan kí ó tó gbà á gbọ́. Kí ó sì máa nù ún gbẹ, kí ó má fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀, nítorí pé a dípẹtà.

Ẹ̀karùn-ún ni ti àwọn onímọ̀, ó sì yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n bí kò tilẹ̀ ní i. Wọn a wọn erùpẹ̀ tútù, wọn a yan án nínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 105 lórí òṣùwọ̀n Selsiọsi fún wákàtí 24, wọn a sì tún un wọ̀n. Bí gíráàmù 100 bá di 85, omi gíráàmù 15 ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí ń sọ bí omi ti pọ̀ tó. Kò sọ bí ó ti rọrùn tó fún gbòǹgbò láti rí i fà. Ohun mìíràn ni a fi ń wọn èyí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tẹnsiómítà, Lorenzo Richards, ará Amẹ́ríkà, sì wà lára àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìlò. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ní àmù ní ilé. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé omi a máa la ara àmù jáde díẹ̀díẹ̀, èyí ni ó sì ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. Tẹnsiómítà jẹ́ ọ̀pá tí ó kún fún omi, tí amọ̀ sísun bí ti àmù wà ní ìdí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, a fa omi la amọ̀ náà kọjá, abẹ́rẹ́ òkè rẹ̀ a sì gòkè láti orí 0. Bí òùngbẹ ilẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni abẹ́rẹ́ yóò ṣe gòkè tó. Ohun tí gbòǹgbò ń bá jà gan-an ni èyí ń wọ̀n, nítorí pé gbòǹgbò àti ilẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ ń fa omi kan náà.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN YÓÒ WÍ

Àwọn kan yóò wí pé àwọn baba wa kò ní òṣùwọ̀n, wọn kò sì ní tẹnsiómítà, síbẹ̀ wọ́n jẹ iṣu, wọ́n sì ta ata. Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Àgbẹ̀ àtijọ́ kì í gbin àgbàdo nítorí pé òjò kan rọ̀ ní àná. A fi ọkọ́ tàbí àdá kọ ilẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bí omi ti wọlẹ̀ tó. A bu erùpẹ̀ lọ́wọ́, a sì fún un: bí ó bá tú ká, ó mọ̀ pé kò ì tó, bí ó bá di ìṣù tí omi kò sì kán, ó mọ̀ pé ó yẹ, bí omi bá ń kán láàárín ìka rẹ̀, ó mọ̀ pé kí òun dúró. Ó fi ewé bo orí ebè iṣu nítorí pé ó mọ̀ pé oòrùn ń jí omi. Kí ni gbogbo èyí bí kì í bá ṣe wíwọ̀n? Ẹni tí ó sọ ìwọ̀n nù nítorí pé ó ti rí hóró rà kò tẹ̀ lé àwọn baba. Ó ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé kò sí àyè fún wíwọn agolo ogún lójoojúmọ́. Kò pọn dandan kí a wọ̀n wọ́n tán. Kí a yan agolo méjì, ọ̀kan ní ibi tí oòrùn ti ń pa á jù, ọ̀kan ní ibi òjìji, kí a máa wọn àwọn wọ̀nyí, kí a sì fi wọ́n mọ ti àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà. Ọmọ tí ó ti mọ ìṣírò ìyọkúrò ní ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é fún ìyá rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ yóò dùn mọ́ ọn ju èyí tí a kọ sí ojú pátákó lọ, nítorí pé yóò rí èrè rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, kí àwọn tí ń ta hóró náà máa sọ òtítọ́ fún àwọn oníbàárà wọn. Kò tọ́ kí ènìyàn wí pé hóró ń dá omi. Kò dá omi rí, èyí tí a bá fún un ni ó ń pa mọ́. Kò sì tọ́ láti wí pé bí ó bá ti pọ̀ sí i ni ó dára sí i. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gíráàmù 1 tàbí 2 hóró gbígbẹ nínú lítà erùpẹ̀ 1 tó. Kí a kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi kí ó wú tán kí a tó pò ó mọ́ erùpẹ̀, nítorí pé bí a bá pò ó ní gbígbẹ tí ó pọ̀, yóò wú lẹ́yìn náà, yóò sì ti ọmọ irúgbìn sókè kúrò nínú ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ìlédìí ìgbàlódé ya láti mú ohun inú rẹ̀ lò bí àwọn kan ti ń ṣe. Èròjà iyọ̀ ni a fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì dára fún ilẹ̀. Kí a pa hóró gbígbẹ mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, nítorí pé ó jọ ṣúgà, bí wọ́n bá sì gbé e mì yóò wú nínú wọn.

Ẹni tí kò bá sì lágbára láti rà á kò ní láti kábàámọ̀. Ajílẹ̀ tí ó jẹrà dáradára àti èérún èèpo àgbọn, èyí tí kì í wọ́n ní etí òkun, a máa mu omi pamọ́ pẹ̀lú. Kí a kàn fi omi tí ó mọ́ ṣan èérún àgbọn náà ní ìgbà mélòó kan, kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè jáde. Àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ń fẹ́ ìka, igi àti òṣùwọ̀n.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ àgbẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kò pọ̀: ilẹ̀ agolo kan, omi garawa kan, àti irúgbìn tí ó lè gbà nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí ó ní púpọ̀ lè fi díẹ̀ ṣòfò. Ẹni tí ó ní díẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wíwọ̀n fi yẹ ẹni tí ń gbìn sórí fàràǹdá ju olóko ńlá lọ. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹni tí ó ní agolo ata ní ilé gbé e sókè kí ó tó bu omi sí i, kí ó ti ìka bọ inú rẹ̀, kí ó sì tọ́ omi inú garawa rẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá ní òun kò fẹ́, kí ó gbé igbá náà padà.